Ọjọ́ Tí Ọjọ́ Orí Méjì Pàdé ní Pápá Ìṣeré

Bí ẹ bá dé Ìjẹ̀bú-Òde, tí ẹ ní kí ọlọ́kadà gbé yín lọ sí pápá ìṣeré ìlú, yóò kọ́kọ́ bi yín pé kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Ẹ má bínú sí i, kò fi yín wọ́lẹ̀. Pápá náà ti pé àádọ́ta ọdún, kò sì sí ohun tójú rẹ̀ ò tíì rí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, wọ́n sáré ìje, wọ́n fo sókè, wọ́n fo síwájú. Nígbà tó yá, àwọn oníwàásù fi ṣe ìsọjí, àwọn Mùsùlùmí kírun ọdún níbẹ̀, olùkọ́ awakọ̀ kan sì sọ ojú ọ̀nà eré ìje di ibi tó ti ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń fi mọ́tò rìn sẹ́yìn. Ọdún kan tiẹ̀ wà tí ẹnì kan sá láfún síbẹ̀, láfún náà sì funfun báláú. Pápá ìṣeré onílò púpọ̀ ni ìjọba pè é, ta ni yóò sọ pé irọ́ ni wọ́n pa?

Ṣùgbọ́n látìgbà tí Olóyè Bọ́dúnrìn Adébùsọ́lá ti di Olùdarí Àgbà ibẹ̀, ìlò kan ṣoṣo ló kù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kí Olóyè Bọ́dúnrìn Adébùsọ́lá.

Láràárọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń tò sẹ́nu géètì dè é. Bí mọ́tò rẹ̀ bá ti dúró, Walter, agbẹnusọ rẹ̀, ni yóò ṣílẹ̀kùn, tí yóò sì máa fi ẹ̀yìn rìn níwájú rẹ̀ títí dé ọ́fíìsì, nítorí Walter gbà pé kò bójú mu kí èèyàn kọ ẹ̀yìn sí Olùdarí Àgbà. Ó ti ṣubú sínú gọ́tà ní àìmọye ìgbà. Bó bá ti dìde, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń sọ ni, "Ẹ ṣeun, sà."

"Ta ló ni pápá yìí?" Olóyè á bi àwọn òṣìṣẹ́.

"Ìjọba ni!"

"Ta ni ìjọba fi í lé lọ́wọ́?"

"Ẹ̀yin ni, Olóyè!"

"Bí mi ò bá sí ńkọ́?"

"Igbó ni, Olóyè! Igbó kìjikìji!"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ tí pápá fi digbó. Olóyè ti ti pápá pa. Ó ní koríko ń sinmi, kí ẹnikẹ́ni má fẹsẹ̀ kàn án. Àgùntàn àdúgbò nìkan ni òfin náà ò bá wí, àwọn yẹn ń jẹ ẹ́ wọlé, wọ́n ń jẹ ẹ́ jáde, wọn ò sì kí ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kan, Mardiyah wá sí ọ́fíìsì. Mardiyah ni ọmọbìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọge ìlú ní bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yìn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n ti ń gbá a, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ débi pé bí bọ́ọ̀lù bá yọ̀ lọ́wọ́ wọn, etí títì ni wọn yóò ti lọ bá a. Pẹ̀lú gbogbo ìyà yẹn, wọ́n ti borí dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá ìdíje ìpínlẹ̀. Mardiyah kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa pàdé àwọn ọmọ Ṣágámù. Ẹ bá wa ṣí pápá láràárọ̀ nìkan, ká fi gbára dì."

"Ṣí pápá?" Olóyè sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ní kó yá wọn níyàwó. "Ìwọ ọmọ yìí, ǹjẹ́ o mọ ohun tí koríko jẹ́?"

"Koríko ni, sà."

"Koríko ìjọba ni! Koríko tó ní àkọsílẹ̀, tó ní ipò, tó ní ọ̀wọ̀! O fẹ́ kó bàtà onírin lé e lórí?"

"Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń sinmi, sà."

"Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ aláyé ńkọ́? Ta ló ti ní kí n lọ sinmi?"

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, Olóyè!" Walter dá sí i, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Mardiyah ṣe padà sí orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Inú bí i, inú sì bí èmi náà tí mò ń sọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Kí ẹ má bàa rò pé Olóyè kì í ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́ èyí. Ẹni ńlá kan wá wo pápá, ó ní bí èèyàn bá jókòó síbi tí wọ́n ṣe fún àwọn ọlọ́lá, tó ń wo ilé bọ́ọ̀lù apá ọ̀tún, tó tún ń wo ti apá òsì, ọrùn a máa dunni. Olóyè ò sùn lóru ọjọ́ náà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ránṣẹ́ pe àwọn alájòórin, ó ní kí wọ́n hú ilé bọ́ọ̀lù méjèèjì, kí wọ́n wá rì wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, níwájú ìjókòó àwọn ọlọ́lá gan-an, kí ọrùn àwọn àgbà lè sinmi. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ gbá bọ́ọ̀lù láti fi dán an wò. Àwọn aṣọ́lé méjèèjì dúró ti ara wọn, wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ epo tó wọ́n. Àwọn yòókù rọ́ gììrì sójú kan bí ẹni tó ń jà sí omi ẹ̀rọ. Nígbà tí bọ́ọ̀lù wọlé, kò sẹ́ni tó mọ ilé ẹni tó wọ̀. Olóyè dìde, ó kéde pé ẹgbẹ́ méjèèjì ló borí, àti pé ìlú ò lè ní ìṣọ̀kan tó ju èyí lọ. Walter sọkún gidi lọ́jọ́ náà.

Ó wá ku ohun kan ṣoṣo tí Olóyè ń fẹ́ láyé. Ó fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ òun sọ pápá náà. Àádọ́ta ọdún pápá ti dé, Kọmíṣánnà fún ọ̀rọ̀ eré ìdárayá, Ìyáàfin Helen, ọmọ Ẹ̀gbá, sì ti ní òun ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta wá bá wọn ṣe àjọyọ̀. Wọ́n ti gbọ́ ọ lábẹ́lẹ̀ pé ó máa kéde orúkọ tuntun lọ́jọ́ náà. Olóyè ò sì dúró de ìkéde. Ó ti ní kí àwọn alájòórin gé orúkọ òun sí irin, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga ju èèyàn lọ, wọ́n gbé e sórí òrùlé, wọ́n fi tapólì bò ó. Orúkọ náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí òpin rẹ̀ yọ síta òrùlé. Walter dábàá kí wọ́n fa òrùlé gùn sí i.

Ìṣòro kékeré kan ló wà nílẹ̀. Olóyè kò ka á sí ìṣòro rárá, nítorí ó ti bá a gbé pẹ́.

Ọjọ́ orí méjì ni Olóyè ní. Ọ̀kan jẹ́ ti iṣẹ́ ìjọba, ìyẹn jẹ́ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, nítorí ẹni tó bá pé ọgọ́ta ọdún, ìjọba á ní kó lọ fẹ̀yìn tì. Ìkejì jẹ́ ti ilé, ìyẹn sì jẹ́ mẹ́rìndínláàádọ́rin. Èyí tó kéré ń gbé Abẹ́òkúta, èyí tó dàgbà ń gbé Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn méjèèjì ò sì pàdé rí. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Ta ni yóò sọ? Àwọn tó lè sọ ọ́, àwọn náà ní èyí tí wọ́n fi pamọ́ sí Abẹ́òkúta.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ jẹ́ kí n là yín lọ́yẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá bí ọ nílẹ̀ wa, wọ́n bí ẹgbẹ́ mọ́ ọ. Àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún mẹ́ta síra wọn ló ń ṣe regbẹ́rẹ́gbẹ́ kan. Wọ́n á lórúkọ, wọ́n á jọ jáde lọ́jọ́ Ojúde Ọba, wọ́n á jọ ṣe ìnáwó, wọ́n á sì jọ sin ara wọn. Ọkùnrin lè kọ́lé mẹ́wàá, bí regbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀ ò bá tẹ̀ lé e jáde lọ́jọ́ ẹ̀yẹ, àwọn èèyàn á máa bi ara wọn léèrè pé kí ló ṣe. Nítorí náà, Olóyè ránṣẹ́ pe ẹgbẹ́ rẹ̀, Bọ́barìnyẹ, pé kí gbogbo wọn pátá jáde wá ṣe òun lẹ́yẹ. Ọmọ Ìjẹ̀bú kankan ò lè ṣe kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn gbàgbé pé Abẹ́òkúta náà ń bọ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ọjọ́ pé. Àwọn ọmọge Mardiyah ni wọ́n kó dúró sínú oòrùn láti máa ju àsíá. Kọmíṣánnà jókòó níwájú. Ìyá Olóyè náà wà níbẹ̀, àgbà obìnrin ọmọ Ìbẹ̀fún tí ojú rẹ̀ ń ríran kedere, tí ahọ́n rẹ̀ sì mú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́barìnyẹ wọlé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, Àlàájì Mọ́rúfù, olówó sìmẹ́ńtì tó jẹ́ alága wọn, ló ṣíwájú. Yẹ̀kínì, awakọ̀ ilé Olóyè, ló wà lẹ́yìn pátápátá, nítorí òun ló kéré jù nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹgbẹ́ kan náà ni òun àti ọ̀gá rẹ̀.

Walter gba makirofóònù. Ó kọ́kọ́ ka ìtàn ìgbésí ayé Olóyè, pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta rèé tí ìràwọ̀ yìí ti yọ. Gbogbo Ìjẹ̀bú tó wà níbẹ̀ wo ilẹ̀, bí ọmọlúàbí. Walter wá bọ́ sórí ìtàn pápá tí òun fúnra rẹ̀ kọ.

"Láyé àtijọ́," ó ké, "nígbà tí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ṣì wà nínú òkùnkùn àìní pápá! Ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, wọ́n ṣí pápá yìí. Ilé-ìwé méjì wọ̀ ọ́ láti gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Òkè dákẹ́, ilẹ̀ dákẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gba bọ́ọ̀lù, ó gé ọ̀kan, ó gé èjì, ó fi orí kàn án, àwọ̀n ya! Òjò tó ti ṣú yà gba Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ lọ. Ta ló gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ wọlé ní pápá yìí?"

"Olóyè ni!" àwọn òṣìṣẹ́ pariwo.

Kọmíṣánnà yọ jígí ojú rẹ̀. Ó ti ṣe tíṣà rí. "Olóyè," ó ní, ó sì ń rẹ́rìn-ín, "ṣé ọmọ ọdún mẹ́fà ni yín nígbà náà?"

Walter ló kọ́kọ́ dáhùn. "Ó tètè gbọ́n ni, mà! Ọmọ náà tètè gbọ́n!"

Àlàájì Mọ́rúfù rò pé wọ́n fẹ́ pe ọ̀rẹ́ òun ní òpùrọ́. Inú ìfẹ́ ló ti dìde. "Kọmíṣánnà, ẹ gbà á gbọ́. Òun ló gbá a wọlé. Èmi ni aṣọ́lé lọ́jọ́ náà, ojú mi ló ṣe."

"Háà, Àlàájì, ẹ̀yin lẹ wà nínú ẹgbẹ́ kejì, tó gbá a wọlé yín?"

"Rárá, mà. Ẹgbẹ́ kan náà ni wá."

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé wọn. Àwọn ọmọge tó ń ju àsíá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì ràn bí iná ọyẹ́. Olóyè bẹ́ sókè. "Bọ́ọ̀lù tó wọlé ti wọlé! Wọn ò bi í pé ilé ta ni!"

"Ẹ jẹ́ kó yé mi," ni Kọmíṣánnà wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Àlàájì, ọmọ ọdún mélòó lẹ̀yin nígbà yẹn?"

"Mo lé díẹ̀ ní mẹ́rìndínlógún, mà. Regbẹ́rẹ́gbẹ́ kan náà ni gbogbo àwa wọ̀nyí pẹ̀lú Olóyè. Kò sí ọmọdé nínú wa." Ó fi ọwọ́ lu àyà. Ẹ wò ó, ìgbéraga ẹgbẹ́ ti pa ọ̀rẹ́, Àlàájì ò sì tíì mọ̀.

Olóyè wo òkè, ó rí tapólì tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lórí orúkọ rẹ̀. Ó wo iwájú, ó rí Kọmíṣánnà. Ó wo ẹ̀gbẹ́, ó rí àwọn tí wọ́n jọ dá abẹ́ fún lọ́dún kan náà. Bó bá ní ẹgbẹ́ òun ni wọ́n, iṣẹ́ bọ́ lọ́jọ́ náà, orúkọ òun bọ́ sílẹ̀ lórí òrùlé. Bó bá ní wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ òun ńkọ́? Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà le. Ọlọgbọ́n ì bá dákẹ́.

"Mi ò sí nínú wọn," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, mà. Wọ́n kàn fẹ́ràn mi ni."

Mọ́rúfù yíjú sí i. "Bọ́dúnrìn?"

"Ẹ̀gbọ́n Mọ́rúfù, ẹ má bínú, sà."

"Ẹ̀gbọ́n?" Ọ̀rọ̀ náà dun Àlàájì, ó dùn ún wọra. Ṣùgbọ́n oníṣòwò Ìjẹ̀bú kì í jẹ́ kí ìrora gba ọjà lọ́wọ́ òun. Ó tún fìlà ṣe. "Ó dáa. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ ni wá, ó kù díẹ̀ káàtó. Láti àárọ̀ tí a ti dé, orí ìdúró lo ti ń bọ̀ wá lọ́wọ́. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí ẹ̀gbọ́n nílé yín nìyẹn?"

"Dọ̀bálẹ̀!" ẹnì kan ké láàárín èrò.

Olóyè Bọ́dúnrìn Adébùsọ́lá, Olùdarí Àgbà, dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Agbádá bò ó mọ́lẹ̀ bí àtíbàbà tó wó. Walter wò ó, ó rí i pé kò bójú mu kí òun dúró nígbà tí Olóyè wà nílẹ̀, lòun náà bá dọ̀bálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rí Walter, wọ́n tẹ̀ lé e.

"O kú iṣẹ́, àbúrò," ni Mọ́rúfù dáhùn, kò ní kó dìde. "Ó ku àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ yòókù."

Olóyè dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìkejì. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìkẹta. Ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, erùpẹ̀ pápá kún irùngbọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ro orúkọ lórí òrùlé, ó sì ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dọ̀bálẹ̀ dé orí Yẹ̀kínì.

Ojú ti Yẹ̀kínì. "Ọ̀gá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n Yẹ̀kínì," ni Olóyè wí láti ilẹ̀, "ẹ kú ìjókòó, sà."

Igbe kan ta. Ìyá Olóyè ti dìde. Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló fi sọ ọ̀rọ̀ tó sọ, mo kàn ń tún un sọ kí ará Ìbàdàn lè gbọ́ ni.

"Bọ́dúnrìn! Dìde ńbẹ̀! Ta lò ń dọ̀bálẹ̀ fún? Yẹ̀kínì? Yẹ̀kínì tí mo fà ọ́ lọ́wọ́ lọ sí ìsọmọlórúkọ rẹ̀, tí o ti ń fẹsẹ̀ ara rẹ rìn, tí o tún jí àkàrà wọn jẹ?"

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó..."

"Mi ò ní jókòó! Mi ò bí ọ kí o máa nà sílẹ̀ fún ẹni tí o jù lọ. Ọjọ́ tí wọ́n fa àsíá òmìnira sókè ní Racecourse l'Ékòó, orí itan mi lo wà, ìwọ́ rẹ ò tíì gbẹ. Gbogbo Ìbẹ̀fún mọ̀. Ẹni tó bá ní o kéré, kó wá bá mi, èmi ni mo bí ọ!" Ó wá yíjú sí Kọmíṣánnà, omijé dá sójú rẹ̀. "Ìyá, ẹ gbà mí. Kí ni wọ́n fi ń halẹ̀ mọ́ ọmọ mi tó fi ń sọ ara rẹ̀ di ọmọdé?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kọmíṣánnà lọ bá màmá náà, ó kúnlẹ̀, ó fi í jókòó. Lẹ́yìn náà ló gba makirofóònù.

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá," ló wí. "Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Nàìjíríà ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Bàbá, iṣẹ́ yín ti tó. Ẹ máa lọ sílé, ẹ lọ sinmi. Láti ọ̀la, kí wọ́n ṣí pápá yìí fún àwọn ọmọ tó ń ju àsíá wọ̀nyí, kí wọ́n sì dá ilé bọ́ọ̀lù méjèèjì padà sí àyè wọn, nítorí láti àárọ̀ ni mo ti jókòó síbí tí mi ò mọ ohun tí mò ń wò."

Wọn ò ṣí tapólì. Walter dìde nílẹ̀, ó gbọn eruku nù, ó sì lọ dúró síwájú Kọmíṣánnà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn.

Ẹ ó máa bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí Bọ́dúnrìn lẹ́yìn ìyẹn. Ó sé ara rẹ̀ mọ́lé. Mọ́tò rẹ̀ dúró sí ojú kan, nítorí kò rójú pe Yẹ̀kínì. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ké "Igbó ni, Olóyè!" ò ya ilé rẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń wá, òun náà ò sì mọ ibi tí òun ti ṣẹ̀. Bọ́dúnrìn ò ní í lọ́kàn láti sọ fún un. Nígbà tí ilé sú u, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìpàdé Bọ́barìnyẹ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀ wọ́n, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ òun pọ̀, pé òun ò ní ẹlòmíì.

Wọ́n wo ara wọn. Inú ṣì ń bí àwọn kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ̀. Mọ́rúfù ní kó wọlé. Wọ́n fún un lága. Ìkókoré ti délẹ̀, ó ń gbóná, ó sì jẹ́ àṣà wọn pé ẹni tó kéré jù nínú ẹgbẹ́ ló ń dìde bu oúnjẹ fún àwọn yòókù. Yẹ̀kínì ló ti ń ṣe é bọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Bó ti ń dìde, Mọ́rúfù dá a dúró.

"Jókòó, Yẹ̀kínì. A ti ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta."

Yẹ̀kínì rò ó díẹ̀. Ó padà jókòó, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, ó sì nawọ́ síwájú láti fọ̀ ọ́.

"Àbúrò," ló wí, "bomi wá."

Bọ́dúnrìn dìde, ó lọ bu omi.